Mo-Ti-Gbọ́ àti Oògùn Ọ̀fun Rẹ̀

"Bàbá, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?"

"Mo ti gbọ́."

"Mi ò bi yín bóyá ẹ gbọ́. Ṣé ẹ ti lò ó ni mo wí."

Báyìí ni aránṣọ kan àti bàbá rẹ̀ ṣe ń jí lójoojúmọ́. Káfíńtà ni bàbá náà, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo-Ti-Gbọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Lọ́dún tó kọjá, òtútù ń mú un nínú oòrùn. Á jókòó ti pákó, oorun á gbé e lọ. Ohùn rẹ̀ há, ìgbẹ́ yíyà di ìjàkadì. Àwọn aládùúgbò ní ara àgbà ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló fi hàn pé táírọ́ọ̀dù rẹ̀, ohun kékeré iwájú ọ̀fun tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára, ti rẹ̀wẹ̀sì. Dókítà fún un ní oògùn, ara rẹ̀ sì yá.

Ìgbà tí ara yá tán ni wàhálà dé. Bàbá rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí ni aláàfíà ń fi oògùn ṣe. Ó dá a dúró, kò sọ fẹ́nì kan. Nígbà tí òtútù padà dé, ó kó gbogbo oògùn ọjọ́ tó ti fò jọ, ó gbé wọn mì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọbìnrin rẹ̀ bá a nídìí àga tó ń fá, bàbá di àyà mú, ọkàn rẹ̀ ń sáré.

"Kí lẹ lò?"

"Oògùn tó o ní kí n lò náà ni. Mo kàn lo ti àtẹ̀yìnwá mọ́ ọn."

Obìnrin náà kò mọ̀ bóyá kóun sunkún ni tàbí kóun jágbe. Ó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀, nọ́ọ̀sì jókòó tì í. "Bàbá, tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti kan ìṣó lánàá, ṣé ẹ máa kan mẹ́ta sójú kan náà lónìí?"

"Rárá o. Pákó á là."

"Ọkàn yín ńkọ́?"

Bàbá fọwọ́ kan àyà rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí ọmọ. "Kí ló fi ń lò ó tẹ́lẹ̀?"

"Tíì oníwàrà, pẹ̀lú oògùn tó ń mú eegun rẹ̀ le."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Wàrà àti oògùn eegun kì í jẹ́ kí oògùn yìí wọ ara dáadáa. Omi lásán ni, láàárọ̀, kó tó jẹun. Kó dúró bíi wákàtí kan. Oògùn eegun di ọ̀sán."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ni kó o máa rán mi létí."

"Kí lẹ rò pé mo ti ń ṣe látèṣí?"

Ẹ̀yin ará, tí òtútù, àárẹ̀ tàbí ìgbàgbé bá ń dààmú àgbà yín, ẹ má kàn dá ogbó lẹ́bi. Ẹ mú wọn lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fo oògùn, ẹ má lò ó ní ìlọ́po, ẹ bi dókítà. Tí ara bá sì yá, oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ta ló ń lé òṣìṣẹ́ gidi kúrò lẹ́nu iṣẹ́?