Ìyá Ẹranko Tí Kò Ṣàánú Bàbá Rẹ̀

Obìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ẹranko. Kò bímọ, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú òun nítorí ìyẹn. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ di ibi ààbò fún àwọn ẹranko tí àwọn tó ni wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀: ajá tí ọkọ̀ gbá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ẹrù ti dá egbò sí lẹ́yìn, ológbò tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti wà nínú bàtà òjò, ó ń kó ìgbẹ́, ó ń pọn omi, ó ń fi oògùn sí egbò. Lọ́sàn-án, á gba ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ rédíò lọ, á máa sọ fún àwọn èèyàn pé ẹranko pàápàá ní ẹ̀tọ́, pé ohun tó bá ní ẹ̀mí mọ ìrora. Òótọ́ ló ń sọ. Má ṣe rò pé a fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kò fẹ́ fojú kàn: bàbá tó bí i lọ́mọ.

Alápatà ni bàbá náà. Nígbà tí Ìyá Ẹranko wà lọ́mọdé, ó fi ìgò tọ́ ọmọ ewúrẹ́ kan tí kò ní ìyá mọ́ dàgbà. Wọ́n jọ ń rìn, wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan. Lọ́dún tí nǹkan le koko, ọmọ ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó bá awọ ewúrẹ́ náà lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

"Ọmọ mi, ebi ló dé," ni bàbá wí.

Ọmọ kò dáhùn. Ó dàgbà títí irun orí tirẹ̀ náà fi funfun, kò tíì dáhùn.

Bàbá bẹ̀ ẹ́ títí. Ó rán ẹbí, ó rán ọ̀rẹ́. Ó tilẹ̀ gbé ọ̀bẹ jù sílẹ̀, ó lọ ń tún bàtà ṣe. Pàbó ló já sí. Ọmọ ní ẹ̀jẹ̀ kì í tán lọ́wọ́ alápatà.

Ìyá Ẹranko ní ọ̀rẹ́ kan, dókítà ẹranko, obìnrin tó ti gba Jésù gbọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bí àwọn méjèèjì ṣe ń di ẹsẹ̀ ajá kan, dókítà ní, "Mo gbọ́ pé àyà ń dun bàbá ẹ. Ṣé o ti lọ wò wọ́n?"

"Ajá yìí ni ká wò."

"A ó wò ó tán. Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Ọ̀rẹ́ mi, wo gbogbo iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí. Bí ọ̀run bá wà, tí irú èmi ò bá wọ ibẹ̀, ta ló máa wọ̀ ọ́?"

Dókítà so ìdí aṣọ tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ ajá náà kó tó fèsì. "Iṣẹ́ rere ò ra ọ̀run. Ọlọ́run tó ń wo ẹ̀yìnkùlé ẹ náà ló ń wo inú ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí, kò dé ọkàn.

Kò pẹ́ sí i, bàbá fúnra rẹ̀ dé. Òjò ń rọ̀. Ọ̀pá ló fi ń rìn, aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Olùṣọ́ ẹnu géètì sáré wọlé. "Mà, bàbá yín ni. Òjò ń pa wọ́n."

Ìyá Ẹranko ń po oúnjẹ ajá lọ́wọ́. Ó gbé ohùn sókè kó lè dé ìta. "Sọ fún wọn pé mi ò sí nílé!"

Bàbá gbọ́. Ó mi orí. Ó sọ fún olùṣọ́ pé, "Bó o bá rí i, bá mi kí i. Sọ fún un pé mo rí àwọn ẹran rẹ̀ láti ìta. Ara wọn ń dán." Ó sì yí padà.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni àbúrò Ìyá Ẹranko lọ́kùnrin pè é lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ti lọ."

Yàrá tí wọ́n tẹ́ bàbá sí kéré: ibùsùn kan, àga kan, bàtà oníbàárà tí kò tíì rán tán. Ìyá Ẹranko ṣí aṣọ lójú òkú. Bàbá ti rù kan egungun. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tó ń pè ní ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀, ó sì tutù nini.

"Kí ni wọ́n sọ?" ó bi àbúrò rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n má bá yín jà."

Igbe tó ké, ará ilé kejì sáré wá. "Bàbá, ẹ dìde! Mo wà nílé o! Mo wà nílé!" Àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́, ó ti fọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, kò rí i ṣe. Ajá afọ́jú kan wà níbẹ̀ tó bù ú jẹ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ajá náà wá ń lá àpá ibi tó ti bù ú jẹ. Ìyá Ẹranko jókòó pẹ̀ẹ́ sínú ìdọ̀tí. Ó ti dárí ji ajá. Ẹni tó bí i, kò dárí jì í.

Ibẹ̀ ni dókítà bá a. Òun náà jókòó sínú ìdọ̀tí.

"Èmi ni mo pa wọ́n," ni Ìyá Ẹranko wí.

"Àìsàn ló pa bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tó o ṣe, mi ò ní bá ẹ bò ó mọ́lẹ̀."

"Bàbá ò sí mọ́. Ta ni màá bẹ̀?"

"Ọlọ́run ni kó o kọ́kọ́ bẹ̀. Jésù tọrọ àforíjì fún àwọn tó ń kàn án mọ́gi, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ro sílẹ̀. Ó lè gba ìwọ náà. Àmọ́ má kó ajá wọ̀nyí lọ síwájú rẹ̀ láti fi hàn án pé èèyàn rere ni ẹ́. Ọwọ́ òfìfo ni kó o gbé lọ."

Ìyá Ẹranko dojú bolẹ̀. "Jésù, inú mi le. Mo ṣàánú ẹranko, mi ò ṣàánú bàbá mi. Dárí jì mí. Gbà mí."

Nígbà tó dìde, ìbànújẹ́ ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹ̀bi ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, kò sì dìde títí tó fi gbọ́ "mo dárí jì yín." Ó ṣì ń tọ́jú ẹranko. Ó ṣì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn alápatà láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fìyà jẹ ẹran. Tẹ́lẹ̀, èpè ló ń ṣẹ́ fún wọn. Nísinsìnyí, ó ń béèrè àlàáfíà ọmọ wọn. Síbẹ̀, ó ní ọjọ́ tó máa ń sunkún, nítorí ẹ̀bẹ̀ tó yẹ kí bàbá gbọ́, ilẹ̀ ló gbọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, bóyá ìwọ náà kò mutí, o ò jalè, àwọn èèyàn sì ń yìn ọ́. Ta ni o ń bá yodì? Orúkọ ta ni kì í fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ? Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ìyìn ayé kò lè bo ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo lójú rẹ̀, àfi ẹ̀jẹ̀ Jésù.

Má sọ pé ó dọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà. Bí ibẹ̀ kò bá ṣeé kúnlẹ̀, sọ ọ́ lórí ìdúró: "Olúwa, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí, gbà mí." Yóò gbà ọ́ lónìí. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó o ṣẹ̀ bá ṣì wà láàyè, dìde, máa lọ bá a.