Abẹ́rẹ́ Tó Ń Lé Ọmọ

Zulfah kò lè jókòó, kò lè dúró. Láti ìdájí ló ti ń rọbí. Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé nínú yàrá Nọ́ọ̀sì Regina ní Ajégúnlẹ̀, ọwọ́ ní ìbàdí.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

Ìyá ọkọ rẹ̀ pòṣé. "Kí wọ́n fi ẹ́ sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́? Ọwọ́ Regina yá. Ọmọ mẹ́ta ló gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìkankan ò pẹ́."

Regina ti ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. "Mama, no shaking. Èyí á lé ọmọ jáde kíá."

Àfi bí Tonbra ṣe wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Aládùúgbò wọn ni, agbẹ̀bí ìjọba. Zulfah ló pè é. Tírélà dí Malu Road pa, ẹsẹ̀ ló fi rìn ín.

"Nọ́ọ̀sì, dúró ná. O ti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀?"

Regina ń fi ìka ta abẹ́rẹ́ náà.

"O gbọ́ ìró ọkàn ọmọ?"

"Ọmọ ń ta, ó tó."

"Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lẹ́yìn ìbí ńkọ́?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́!"

"Àmín. Ìwọ ńkọ́, kí lo máa ṣe?"

Ìyá ọkọ gbaná jẹ. "Ṣé kì í ṣe aṣọ funfun kan náà lẹ jọ ń wọ̀ ni?"

"Mama, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì náà ń wọ aṣọ funfun. Nọ́ọ̀sì, láísẹ́ǹsì ẹ dà?"

Regina na ọwọ́ sí fọ́tò ara rẹ̀ nínú aṣọ funfun lára ògiri.

Tonbra fọ ọwọ́, ó rọra tẹ ikùn Zulfah yí ká. Ojú rẹ̀ yí padà. "Orí ọmọ ò sí nísàlẹ̀. Ó dábùú. Bí ẹ bá gún un lábẹ́rẹ́ yẹn, ilé ọmọ á fàya."

Ìyá ọkọ ló kọ́kọ́ gbé báàgì. "Kẹ̀kẹ́ dà?"

Ní ọsibítù, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ náà. Ìyá yè, ọmọ yè.

Ẹ̀yin aboyún, ọwọ́ yíyá kọ́ ni ìmọ̀, aṣọ funfun kì í gbẹ̀bí. Kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé, ẹ ní kí agbẹ̀bí yín fi láísẹ́ǹsì hàn yín, kí ẹ wo ọjọ́ tó máa parí. Ẹ wò ó bóyá ó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, bóyá ó ń wá orí ọmọ, bóyá ó ń kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Ẹ bi í pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, kí ló máa ṣe, ibo ló máa gbé yín lọ.

Bó bá ní Ọlọ́run ò ní jẹ́, ẹ ṣe àmín, kí ẹ gbé báàgì yín.