Ẹjọ́ tí Alákọ̀wé Fi Kọ́ Ìṣirò

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró dáadáa! Iwájú adájọ́ lẹ wà o."

"Èmi? Kí ni mo jí?" Ẹlẹ́rìn-ín gbé ọwọ́ sókè, aṣọ kóòtù dúdú oníbàárà kan ń rọ̀ dirodiro lápá rẹ̀.

Ilé ìfọṣọ ni wọ́n wà, ooru áyọ́ọ̀nù gba gbogbo yàrá. Alákọ̀wé, ọmọ ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù, jókòó sí káńtà, ìwé ìṣirò sìtátísíìsì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìdánwò àṣekágbá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀kọ́ ìdánwò àbá, bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rí yẹ àbá wò, sì ti dà á lórí rú. Bó bá mú àṣìṣe irú kìn-ín-ní, irú kejì á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ló bá sọ gbogbo ẹ̀ di ìtàn ilé ẹjọ́. Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn tó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́, ló fi ṣe ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

"Àbá òfo ni pé ẹ ò jalè. Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí adájọ́ bá jù yín sẹ́wọ̀n, tẹ́ ẹ ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀, àṣìṣe irú kìn-ín-ní nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá jalè lóòótọ́, tó wá ní kẹ́ ẹ máa lọ, irú kejì nìyẹn."

"Bí ẹ̀rí ò bá tó ńkọ́?"

"Kò ní sọ pé ọwọ́ yín mọ́ o. Á kàn ní ẹ̀rí ò tó láti fi kọ àbá òfo sílẹ̀."

"Ẹnu adájọ́ yìí dùn ju iyọ̀ lọ!" Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín. Ó ń fa àpò kóòtù náà síta, bó ṣe ń ṣe fún gbogbo aṣọ kó tó kan omi. "O ò rí i, àpò ọ̀tún yìí ti ya. So òwú mọ́ ọn o."

Òfin ṣọ́ọ̀bù ni pé ẹni tó bá wà ní káńtà ló máa so òwú pupa mọ́ aṣọ tó ya, kí ìyá lè tú inú rẹ̀ wò.

"Mo ti gbọ́," ni Alákọ̀wé wí. Kò gbórí sókè. Kò so nǹkan kan.

Ìdánwò ku ọ̀la nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ni kóòtù dúdú náà padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Òrùka ọkọ rẹ̀ tó ṣaláìsí wà lápò kóòtù náà nígbà tó gbé e wá. Ó ti gbé kóòtù lọ sílé, kò rí òrùka.

"Ta ló ki ọwọ́ bọ àpò yẹn?" ni ìyá bi àwọn méjèèjì.

"Èmi ni, Mọ́mì, iṣẹ́ mi ni. Àmọ́ àpò ọ̀hún ti ya. Mo sọ fún Alákọ̀wé. Ẹ bi í."

Ìyá yíjú. "Ṣé ó sọ fún ẹ?"

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni wọ́n á bi léèrè òwú pupa. Ariwo ìyá ò ní tán bọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ìdánwò di ọ̀la.

"Mi ò rántí, Mọ́mì."

Mi ò rántí! Irọ́ burúkú tó wọ aṣọ ọmọlúàbí.

"Alákọ̀wé," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "èmi mà ni o."

Alákọ̀wé tẹjú mọ́wèé.

"Ọmọ tí mo gbà sílé!" Ìyá figbe ta. "Palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́!"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, olè ni gbogbo àdúgbò ń pe Ẹlẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ìbéèrè náà jáde: ṣàlàyé àṣìṣe irú kìn-ín-ní, kí o sì fi àpẹẹrẹ kan gbè é lẹ́sẹ̀. Bíírò Alákọ̀wé ń sáré. Ó kọ ti adájọ́, ó kọ ti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ìgbà tó kọ ọ́ dé "tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀," ọwọ́ rẹ̀ dúró. Gbogbo ìdáhùn tó kọ síbẹ̀ ló tọ̀nà. Èyí tó fún ìyá rẹ̀ lánàá nìkan ni kò tọ̀nà.

Bí wọ́n ṣe gba ìwé, kò dúró de ọ̀rẹ́ kankan. Ṣọ́ọ̀bù ló gbà lọ tààrà. "Mọ́mì, ó sọ fún mi. Èmi ni mi ò so òwú. Mo parọ́."

Ìyá fà á lọ́wọ́ jáde. Wọ́n sáré dé ilé nọ́ọ̀sì, ìyá tú ìsàlẹ̀ kóòtù pẹ̀lú abẹ. Òrùka náà wà láàárín aṣọ òde àti aṣọ inú, jẹ́jẹ́ tirẹ̀.

Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣerun ni wọ́n ti rí Ẹlẹ́rìn-ín. Ìyá kúnlẹ̀, àgbàlagbà níwájú ọmọ.

"Mọ́mì, ẹ dìde, ẹ má fi mí gba èpè. Mo ti dárí jì yín. Àmọ́ mi ò ní padà. Bí nǹkan míì bá tún sọnù, ojú mi náà lẹ máa kọ́kọ́ wò." Ó yíjú sí Alákọ̀wé. "Ká ní o gbàgbé lóòótọ́ ni, ì bá má dùn mí tó báyìí."

Alákọ̀wé sunkún, ẹkún ò yí ìpinnu yẹn padà. Ó dìde, ó ń wọ ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò: "Ẹ̀gbọ́n mi ò jalè. Èmi ni mo parọ́." Àwọn kan pòṣé sí i. Àwọn kan ní, "Bí ò bá nídìí, ṣé wọ́n á lé e?" Ó ṣáà ń wí i.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé, ẹ fi ìtàn kọ́ ìṣirò, ó dáa, kò ní kúrò lórí yín. Ṣùgbọ́n ìtàn ò lè bá yín la ẹnu. Ẹni tó mọ òótọ́ tó sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, òun gan-an ni adájọ́ tó dá ẹjọ́ náà. Ẹ sọ òótọ́ nígbà tó máa ná yín ní nǹkan, torí bó bá pẹ́ jù, ẹlòmíràn ló ti san án.