Àdìjátù àti Àwọn Eku Jíbrílù

Orin ń bẹ lẹ́sẹ̀ ọmọge náà! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rìn wọ ṣọ́ọ̀bù Jíbrílù tó ń tún aago ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́dún 1991, ìborùn aláwọ̀ ọsàn lórí, ẹ̀rúnrún bisikíìtì lọ́wọ́. Àdìjátù lorúkọ rẹ̀. Òkè Àrin ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ tajà, aago ìyá náà ló sì mú wá. Háà, Jíbrílù la ẹnu, kò rántí pa á dé!

"Kí nìwọ̀nyí?" Àdìjátù ti rí kéèjì onírin. Ọmọ eku funfun ló ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú rẹ̀. Oníbàárà kan tó lọ sókè òkun ló fi ìyá wọn sílẹ̀ fún Jíbrílù.

Àdìjátù ki ìka bọ ihò wáyà.

"Yéè! Ó gé mi jẹ!"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Bisikíìtì ló rò pé òun ń jẹ."

"Àǹtí ta ni? Ẹ sọ pé eku yín ń jẹ èèyàn!"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń pa á. Jíbrílù bu omi fún un, ó fọ ọwọ́.

"Ẹ má ki ìka bọ ihò mọ́, wọ́n á rò pé oúnjẹ ni. Àtẹ́lẹwọ́ ni kẹ́ ẹ tẹ́. Tó bá gé yín, ẹ má lù ú, ẹ má já ọwọ́ gbà. Ẹ ké 'wíì!' bí ọmọ ìyá rẹ̀ ṣe ń ké, kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ má dá a lóhùn. Á mọ̀ pé òun ló ba eré jẹ́."

Aago ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́, Àdìjátù ṣì ń wá bèèrè rẹ̀! Ó ń tẹ́ ọwọ́, ó ń kọrin:

*Eku funfun, ọ̀rẹ́ mi,*
*Lá mi lọ́wọ́, má gé mi;*
*Ẹni tó gé mi, mo gbé e sílẹ̀,*
*Ẹni tó lá mi, mo gbé e jó!*

"Èmi ò ní gé ẹ o, olólùfẹ́ mi," ni Jíbrílù wí.

"Dán an wò! Wíì ni màá ké."

Àfi ìgbà tí ìyá rẹ̀, Àlàájà Àmúdàtù, gbọ́. "Eku tó ń lu àpò ṣúgà mi jálẹ̀! Kí n wá fọmọ fún ẹni tó ń bọ́ wọn? Láéláé!"

Àdìjátù sunkún, kò jẹun. Ni ìyá bá ní kí Jíbrílù gbé eku kan wá sílé. "Tó bá gé mi jẹ, ìwọ àti ọmọ mi ti parí."

Jíbrílù gbé eku dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbójú sókè. Mílíìkì oníyẹ̀fun tí Àlàájà wọ̀n tà láti àárọ̀ ti funfun dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀! Ta ló máa sọ fún ìyá ìyàwó pé kó lọ fọ ọwọ́? Àlàájà ti ń na ọwọ́ bọ̀.

Ladáànì pe ìrun Àsárì. Kíá, Àdìjátù ti gbé kẹ́tùlù dé.

"Màmá, ẹ wá ṣe àlùwàlá, ká kírun ná."

Àlàájà fọ ọwọ́ mọ́ títí dé ìgúnpá. Wọ́n kírun tán, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó dijú. Eku gbóòórùn rẹ̀, ó gbóòórùn, ó yọ ahọ́n pọ́ńkí.

"Ó mà lá mi!" Àlàájà bú sẹ́rìn-ín. Àfi bó ṣe kọrin: "Ẹni tó lá mi, mo gbé e jó!"

"Màmá, ibo lẹ ti gbọ́ ọ?"

"O ò kì í yéé kọ ọ́ létí mi! Jíbrílù, lọ pe àwọn ẹbí ẹ wá."

Lọ́jọ́ yìgì, Jíbrílù fi òrùka sí ìka ìyàwó, ayọ̀ mú kó di ọwọ́ rẹ̀ mú le jù.

"Wíì!" ni Àdìjátù ké.

Jíbrílù tú ọwọ́ náà sílẹ̀ kíá. Àdìjátù sì tún na àtẹ́lẹwọ́ sí i, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.