Ilé-Ìwòsàn Ẹlẹ́nu-Ọ̀nà Kan

Ní àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni Hedley Tjupurrula fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ti wà nínú ọ̀rá láti ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé-ìwòsàn tuntun ní Wantjilpa, ìlú kékeré àwọn onílẹ̀ nínú aṣálẹ̀, ó sì dé fìlà awọ ńlá tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ ọn. Àwọn àlejò mẹ́ta ń fi bàlúù kékeré bọ̀ láti Sydney. Wọ́n ń bọ̀ wá wo ilé náà, bóyá òun ni yóò gba ẹ̀bùn ilé tó dára jù lọ lọ́dún yẹn. Hedley ni yóò ṣàlàyé ògiri iwájú fún wọn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló wà lára ògiri náà. Inú rẹ̀ dùn débi pé tíì rẹ̀ tutù sínú ife.

Valmai ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́bàá iná níwájú ilé, ó ń gbọn eérú kúrò lára búrẹ́dì. Kò yin ṣẹ́ẹ̀tì náà.

"Tjupurrula, ìgbà wo làwọn àlejò rẹ ń lọ?"

"Kó tó di aago mẹ́wàá."

"Màámi gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ lónìí o. Wọn ò fọ ti Furaidé, wọn ò fọ ti Mọ́ńdè. Nọ́ọ̀sì ní bí tòní bá tún lọ báyẹn, ọkàn wọn lè dáṣẹ́ sílẹ̀."

"Ṣebí aago mọ́kànlá ni tiwọn? Màá ti kúrò níbẹ̀."

"Ìwọ lo wà níbẹ̀ ní Furaidé," Valmai wí. "Ìwọ náà lo wà níbẹ̀ ní Mọ́ńdè." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lọ.

Ní Wantjilpa, ọkọ ọmọ kì í wo ojú ìyá ìyàwó rẹ̀. Kì í bá a sọ̀rọ̀, kì í sì jókòó sínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pàdé lọ́nà, ọ̀kan á yà sínú igbó kí èkejì kọjá. Ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe ìjà, kò sì sí ẹni tó ń ṣe àríyànjiyàn nípa rẹ̀. Ilé-ìwòsàn àtijọ́ kò ju ilé páànù lásán lọ. Ó ń jò, ó sì ń gbóná bí ààrò, ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀kùn méjì. Ìyá Valmai a gba ẹ̀yìn wọlé, Hedley a gba iwájú jáde, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti yí padà láìrí ìtọ́jú.

Ọ̀gbẹ́ni Lachlan Pryor ni ayàwòrán ilé tuntun náà. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó fọwọ́ jẹ ìrù kangarú, ó ní òun fẹ́ kí ilé náà jẹ́ tiwọn látòkè délẹ̀. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, àwọn obìnrin sọ fún un pé ilẹ̀kùn méjì làwọn ń fẹ́, pẹ̀lú ibi ìjókòó méjì tí ẹni tó wà nínú ọ̀kan kò ní rí ẹni tó wà nínú èkejì. Hedley ni agbẹnusọ wọn, nítorí òun ni Gẹ̀ẹ́sì dá lẹ́nu jù. Pryor kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbà tó padà wá, ọ̀dọ̀ Hedley nìkan ló lọ. Ó tẹ́ àwòrán sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Toyota. Ògiri irin pupa gígùn kan ló wà níwájú ilé náà, tí wọ́n fi ihò wẹ́wẹ́ lu àwòrán tí Hedley yà nípa kòtò omi mímọ́ àwọn bàbá rẹ̀ sí i lára, kí oòrùn lè máa gba inú rẹ̀ ya àwòrán kan náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá. Ṣùgbọ́n kò sí ibòmíràn tí ilẹ̀kùn kejì lè gbà. Bí wọ́n bá ṣí i, àárín kòtò omi náà gan-an ni yóò gé sí méjì.

"Ṣé àwọn èèyàn lè fara mọ́ ẹnu-ọ̀nà kan?" Pryor bi í. "Bí wọn ò bá lè fara mọ́ ọn, ọ̀rẹ́ mi, a óò gé ògiri náà."

Hedley wo àwòrán náà títí. Ó rí orúkọ ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Wọ́n á fara mọ́ ọn," ló wí. "Àwọn èwe ìwòyí ò tiẹ̀ ka nǹkan wọ̀nyẹn sí mọ́."

Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó buwọ́ lùwé pé gbogbo ìlú ti gbà. Àwòrán ògiri iwájú nìkan ni wọ́n mú wá fi han àwọn obìnrin, wọ́n sì yìn ín. Kò sẹ́ni tó fi ibi tí ilẹ̀kùn wà hàn wọ́n. Ní ọjọ́ ìṣílé, wọ́n rìn yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń wá ilẹ̀kùn kejì, wọn ò rí i, wọ́n sì lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọkùnrin yìí ta ilẹ̀kùn ìyá ìyàwó rẹ̀, ó fi ra ògiri.

Bàlúù àwọn àlejò pẹ́ dé. Aago mẹ́wàá ti kọjá dáadáa kí wọ́n tó balẹ̀. Wọ́n rọra ń rìn, wọ́n ń fọwọ́ kan irin, ayafọ́tò àárín wọn ń ya fọ́tò lọ́tùn-ún lósì. Obìnrin olórí wọn béèrè ìtumọ̀ àmì kọ̀ọ̀kan, Hedley sì ń dáhùn bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìbéèrè tán. Aago mọ́kànlá lù bá wọn ní yàrá ìjókòó, níbi tí oòrùn ti tẹ́ kòtò omi sórí sìmẹ́ǹtì. Orí Hedley wú.

Ibẹ̀ ló ti rí ìyá Valmai láti ojú gíláàsì. Ìyá náà ń fi ọ̀pá rìn bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń dúró mí lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Ó dé àtẹ̀gùn, ó rí fìlà awọ ńlá náà nínú ilé. Ó fi ìborùn bo ojú, ó yí padà.

Hedley náà yíjú sí ògiri, gẹ́gẹ́ bí ó ti tọ́. Bí ilẹ̀kùn mìíràn bá wà, òun ì bá ti gba ibẹ̀ jáde, ìyá ì bá sì ti wọlé. Iwájú ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó wà ni ìyá ṣì wà, bí òun náà bá sì gba ibẹ̀ jáde, ojú á kojú. Ó ronú kan ọ̀nà mìíràn. Yàrá kékeré kan wà lápá òsì tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì sí. Bó bá wọ inú rẹ̀ tó ti ilẹ̀kùn, tó ní kí nọ́ọ̀sì lọ pe ìyá wọlé, ọ̀rọ̀ parí. Ìṣẹ́jú méjì ni.

Ṣùgbọ́n báwo ni òun, tóun wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ṣe máa sá pamọ́ sáàárín bọ́kẹ́ẹ̀tì lójú àwọn ará Sydney? Ojú tì í. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìyá á padà wá lọ́sàn-án. Ó bá àlàyé rẹ̀ lọ.

Nígbà tó di aago mọ́kànlá ààbọ̀, nọ́ọ̀sì Gaye, tí kò tíì lo oṣù kan ní Wantjilpa, yọjú láti yàrá ẹ̀rọ, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni rí ìyá Valmai. Hedley gbọ́. Ó lè sọ pé mo rí i, èmi ni mo lé e padà. Ohun tó sọ ni pé bóyá ó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì wa ọkọ̀ lọ sílé ìyá, kò bá a. Àwọn àlejò jẹ sáńwíìṣì lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ títí aago kan fi ń lọ lù.

Ìyá kò padà sílé rárá. Ẹ̀yìn táǹkì omi ló jókòó sí, níbi tí òjìji díẹ̀ wà, ogójì ìṣísẹ̀ sí ẹ̀rọ tí wọ́n torí rẹ̀ gbé wá sí Wantjilpa. Ó ń dúró kí ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi máa rí i, ó ti kú.

Valmai sáré dé láti ilé-ẹ̀kọ́, nọ́ọ̀sì sì bá a jókòó sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀.

"Kíndìnrín ló ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀," nọ́ọ̀sì wí. "Tiwọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀rọ ló ń bá wọn ṣe é. Béèyàn bá pa ọjọ́ ẹ̀rọ náà jẹ léraléra, iyọ̀ kan á máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, kò ní mọ̀ lára ju pé ó ń rẹ̀ ẹ́ lọ. Ọjọ́ tí iyọ̀ yẹn bá pọ̀ jù, ó máa dá ọkàn dúró lójijì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ẹ má pa ẹyọ ọjọ́ kan jẹ."

"Kí ni wọ́n ń ṣe lẹ́yìn táǹkì?"

"Mi ò mọ̀. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí."

Valmai gbójú sókè wo ògiri pupa náà. Kò sunkún nígbà yẹn. Ó béèrè ẹni tó wà nínú ilé láàárọ̀, nọ́ọ̀sì sì sọ fún un.

Gbogbo ìlú kó lọ sí àgọ́ ọ̀fọ̀. Láti ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, kò sẹ́ni tó dárúkọ olóògbé, èmi náà kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn arákùnrin Valmai dé pẹ̀lú kùmọ̀. Hedley bọ́ fìlà, ó jáde sí gbangba, ó dúró fún wọn, nítorí bí wọ́n ṣe ń san irú gbèsè bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ṣẹ́ apá rẹ̀. Valmai wà níbẹ̀, kò sì bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ ní Alice Springs, ìlú ńlá tó jìnnà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ ilé-ìwòsàn náà mọ́. Àwọn aláìsàn kíndìnrín méjì tó kù kó lọ sí Alice Springs, wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn láàárín àwọn tí kò mọ̀ wọ́n.

Ilé náà gba ẹ̀bùn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ilé mìíràn tí ẹ̀mí àwọn onílẹ̀ ti hàn kedere tó bẹ́ẹ̀. Fọ́tò ògiri náà gba ojú ewé méjì, ní igun rẹ̀ ni obìnrin kan ti ń lọ, tó fi ìborùn bo ojú. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ní Wantjilpa kì í wo àwòrán ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Hedley fi ọwọ́ kan tó kù fún un pe Pryor lórí fóònù, ó ní kó bá òun yọ fọ́tò náà, ó sì sọ ìdí rẹ̀.

"Ṣebí mo bi ọ́," Pryor wí.

"O bi mí, mo sì purọ́. Ṣùgbọ́n èmi nìkan lo bi."

Pryor gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì tó ni ilé-ìwòsàn, ó ní kí wọ́n gé ògiri náà, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kejì síbẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn pé ilé tó ti gba ẹ̀bùn kò ṣeé gé bẹ́ẹ̀, pé àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní báyìí, bí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé sí àwọn ìlú tó yí wọn ká, Hedley máa ń lọ síbẹ̀, apá rẹ̀ tó jinná ní wíwọ́ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí wọ́n ká àwòrán iwájú ilé kúrò ná, kí wọ́n tẹ́ èyí tó fi ilẹ̀kùn àti yàrá hàn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan fi ìka rìn wọlé, kó sì rìn jáde. Kò sẹ́ni tó ń yìn ín fún un, òun náà kò sì retí rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, bí wọ́n bá pè ọ́ láti ṣojú àwọn èèyàn rẹ, má ṣe dá nìkan dáhùn. Padà lọ bi àwọn tó máa lo ilé náà, pàápàá àwọn tí kò gbọ́ èdè ìpàdé. Béèrè ibi tí aláìlera máa gbà wọlé, béèrè ibi tí ẹni tí kò gbọdọ̀ pàdé ẹnìkan máa gbà jáde, má sì buwọ́ lùwé títí wọ́n á fi fi hàn ọ́. Ìwọ tó ń ya ilé, má fi ẹnu ẹnìkan ṣe ẹnu gbogbo ìlú. Àwòrán ara ògiri kò tíì sọ ilé di ti àwọn tó ni ín. Ẹni tí o kò bá sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún kò ní wá bá ọ jà. Á kàn yí padà ni.