Ẹni Tó Bá Gbé Baba Délé

“Ìwọ lo sọ bàbá mi nù! Ìwọ yìí, Marúsò! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wo obìnrin tó sọ òkú olókùú nù lórí omi!”

Ohùn Págónà nìyẹn, ní èbúté Donúsà, erékùṣù wa, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo èrò ọkọ̀. Èmi ìyá àgbà tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ṣọ́ọ̀bù kọfí mi ló kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Láti ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wo ẹkún oríṣiríṣi níbẹ̀, mo sì mọ ẹkún tí kò lómi lójú tí mo bá rí i. Ti Págónà gbẹ táútáú!

Marúsò, ìyàwó àbúrò rẹ̀, dúró láàárín ẹrù, ó di apá ìyá ọkọ rẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ohun kan náà ló ń tún sọ ṣáá: “Orí pẹpẹ ẹrù Donúsà nínú ọkọ̀ ni mo gbé e sí. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbé e síbẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń rẹ èèyàn láti gbọ́ ni, ká má tíì sọ ti ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín.

Baba Nikítà, ọmọ Donúsà níbí, kú sí Tẹsalóníkà, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ní ìlú ńlá, èèyàn kì í ni sàréè títí ayé. Tó bá pé ọdún mẹ́ta, wọn á ní kí ẹ wá hú èèyàn yín kí ẹlòmíràn lè ráyè wọlé. Wọ́n hú u, wọ́n fi wáìnì fọ eegun rẹ̀, wọ́n tò ó sínú àpótí irin tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí lára. Ta ló fọ̀ ọ́? Marúsò ni! Págónà, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ní òórùn wáìnì ń fọ́ òun lórí. Yákófò, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọkọ Marúsò, dúró sí ìdí igi, ó ń mu sìgá.

Marúsò yìí kan náà ló fi ọdún mẹ́fà tọ́jú baba lórí àìsàn, tó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, tó ń nu ìdí rẹ̀. Kí baba tó dákẹ́, ó pe gbogbo wọn jọ, ó ní: “Ẹni tó bá gbé mi délé ní Donúsà, òun ló ni ilé.” Mama Kalíróì, ìyàwó rẹ̀, tí ilé náà wà lórúkọ rẹ̀, ní òun gbọ́, òun sì fọwọ́ sí i.

Yàrá méjì péré ni ilé ọ̀hún, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó kọjú sí òkun. Ṣùgbọ́n Marúsò kò ní ibòmíràn láyé. Onílé wọn ní Tẹsalóníkà ti ní kí wọ́n kó jáde kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé, ó fẹ́ máa gba àlejò tó ń sun ọjọ́ méjì méjì. Kò bímọ, kò ní òbí mọ́. Tí ilé Donúsà bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìta ló kù.

Ìrìn àjò náà kò ṣeé fẹnu sọ! Bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ láti Tẹsalóníkà dákú sí ẹ̀bá ọ̀nà Làmíà, wákàtí mẹ́rin gbáko nínú oòrùn. Marúsò ṣí agbòòrùn sórí àpótí, oòrùn ń pa òun fúnra rẹ̀.

“Gbé e sílẹ̀ jàre!” ni Págónà ń jágbe. “Ṣé òkú ń sá lọ ni?”

“Baba ò fẹ́ràn ilẹ̀ẹ́lẹ̀, Anti.”

“Wò ó bó ṣe ń ṣe bí ẹni mímọ́! Alárékérekè!”

Wọ́n dé èbúté Piréà, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ẹnì kan jí bàtà Págónà níbẹ̀, mi ò sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Ọlọ́run á san án fún un! Wọ́n dé erékùṣù Náksò, ìjì dìde, àwọn aláṣẹ èbúté ní ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ ṣí. Ọjọ́ méjì tún lọ síbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, orí itan Marúsò ni baba wà.

Náksò yìí ni wọ́n ti gbìmọ̀ ọ̀ràn náà. Yákófò fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ìyẹn ni mo ṣe mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á lọ sí ìdí ọtí, ó ní:

“Yákófò, ṣé lójú rẹ báyìí ni ìyàwó rẹ ṣe máa gba ilé bàbá wa?”

“Tó bá gbà á ńkọ́? Ṣé ìyàwó mi kọ́ ni?”

“Òpònú! Ọjọ́ tí inú bá bí i, ta ló máa sùn síta? Ẹnì kan wà tó fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Tí baba ò bá ti ọwọ́ Marúsò délé, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn, àwa ọmọ la ó tà á, àwa la ó pín in. Ìwọ ṣáà dákẹ́. Mi ò ní kí o ṣe nǹkan kan. Dákẹ́ ni mo ní kí o dákẹ́.”

Ó dákẹ́! Ẹ ò rí i bí ìwà ọ̀dàlẹ̀ ṣe rọrùn tó?

Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, èrò oṣù kẹjọ ti kún un dẹ́nu. Atukọ̀ kan na ọwọ́ sí àpótí Marúsò: “Kò sí ẹrù lókè! Ìsàlẹ̀, lórí pẹpẹ erékùṣù yín!” Marúsò ní èèyàn ni, kì í ṣe ẹrù. Atukọ̀ náà ṣe àmì àgbélébùú, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ náà ni. Erékùṣù kọ̀ọ̀kan ló ní pẹpẹ tirẹ̀ níbẹ̀, orúkọ wà lára rẹ̀, ohun tí wọ́n bá bá lórí pẹpẹ ibi tí wọ́n dé ni wọ́n ń jù sílẹ̀. Marúsò gbé baba sórí ti Donúsà, ó fẹnu ko àpótí, ó gòkè. Òkun ń ru, Mama Kalíróì ń bì, Marúsò ń di ọ̀rá mú fún un.

Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ Iráklíà, erékùṣù tí ọkọ̀ ń kọ́kọ́ yà kó tó dé tiwa, Págónà dìde. “Jókòó ti Mama. Èmi á lọ wo Baba.”

“Ọlọ́run á bù kún yín, Anti,” ni ẹni ẹlẹ́ni wí. Ó tún dúpẹ́!

Ní Donúsà, pẹpẹ ṣófo. Bí ariwo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

“Ẹ̀yin lẹ sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó, Anti Págónà!”

“Èmi? Mo fi Ìyá Mímọ́ búra, mi ò dìde lórí àga! Irọ́ ni wàrà tí ìyá rẹ fún ẹ mu!”

Marúsò kọjú sí ọkọ rẹ̀. “Yákófò, ẹnu àtẹ̀gùn lo wà, ò ń mu sìgá. Sọ fún wọn. Ṣé o ò rí i tó sọ̀kalẹ̀?”

Yákófò wo bàtà rẹ̀. “Mi ò rí nǹkan kan.”

Ojú Marúsò ni mò ń wò nígbà yẹn. Ó dùn mí dọ́kàn, mo sì gbé ife tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. Mama Kalíróì wá fi ohùn kékeré béèrè pé: “Ìyàwó, ọkọ mi dà?”

“Mama, mi ò mọ̀.”

Màmá fa apá rẹ̀ yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bú u, kò gbá a létí, ó kàn fa apá rẹ̀ yọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Iráklíà fóònù wá: àpótí kan wà lọ́dọ̀ wọn, orúkọ Nikítà ló wà lára rẹ̀. Ìjì ti tún dìde, ó di Sátidé kí ọkọ̀ tó lè gbé e wá, Papa Pakómì, àlùfáà àgbà ibẹ̀, ló máa tẹ̀ lé e. Ojú Págónà yí padà díẹ̀, àmọ́ kíá ló ti rí ẹnu sọ̀rọ̀.

“Ẹ ò rí i? Pẹpẹ Iráklíà ló gbé e sí! Ọ̀dẹ̀ tí ò lè ka orúkọ ìlú! Àlùfáà ló gbé Baba délé, kì í ṣe òun!”

Màmá kọ ẹ̀yìn sí Marúsò, ó wọlé, èyí sì burú ju èébú lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Marúsò fi sùn nínú yàrá tí wọ́n ń kó igi sí, Págónà ló gba bẹ́ẹ̀dì. Síbẹ̀ Marúsò náà ló ń ṣa àlìkámà tí wọ́n máa sè fún ìrántí baba, wóró kan lẹ́yìn òmíràn. Mo gbé ọbẹ̀ lọ fún un, mo ní: “Fi wọ́n sílẹ̀, ọmọ mi. Máa lọ.”

“Síbo, Mama?” ló bi mí. Mo jókòó tì í, a jọ ń ṣa á.

Sátidé dé, ọkọ̀ dé, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún. Wọn ò tíì gbé àpótí kalẹ̀ tán tí Págónà ti dà bò ó. “Baba mi o! Baba mi!” Àwọn èèyàn ń káàánú rẹ̀. Èmi ń wo ìka rẹ̀! Abẹ́ okùn tí wọ́n fi di àpótí ló ń tọ ìka bọ̀, ó ń wá nǹkan.

“Papa, ṣé ẹ rí ìwé pélébé kan níbí?”

“Ìwé?” Papa Pakómì, tí etí rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa, lu àpò rẹ̀. “Gbogbo rẹ̀ wà níbí, ọmọ mi. Mi ò ní í fo ẹnì kankan.”

Ojú Págónà funfun bí eérú. Ní tiwa, wọn kì í gbé òkú síwájú àlùfáà láìsí ìwé: ẹ máa kọ orúkọ òkú fún ìsinmi, ẹ máa kọ ti alààyè fún ìlera àti ìdáríjì, àlùfáà á sì kà á sókè bó ṣe bá a. Ọmọdé gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣà náà ti wọ̀ wá lẹ́jẹ̀ débi pé olè wa pàápàá ń kọ ọ́.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tùràrí ń rú, Papa Pakómì fi ìwé sún mọ́ imú, ó ń kà á ní ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan.

“Fún ìsinmi ọkàn Nikítà. Fún ìdáríjì Págónà àti Yákófò, àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n... fi í sílẹ̀... ní Iráklíà... nítorí ilé. Kó má bínú. Kó má wá bá Págónà lójú àlá.”

Ṣọ́ọ̀ṣì pa lọ́lọ́. Àlùfáà rò pé wọn ò gbọ́ ni. Ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún un kà, ohùn rẹ̀ wá ròkè sí i!

Háà! Kò bẹ̀rù Ọlọ́run nígbà tó ń gbé bàbá rẹ̀ láti orí pẹpẹ kan sí òmíràn, àlá ló ń bà á lẹ́rù! Ó fi ìwé há abẹ́ okùn àpótí, ó rò pé àlùfáà Iráklíà á fi ṣàdúrà fún baba níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Págónà ò tiẹ̀ lò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Mama Kalíróì dìde. “Págónà, ọwọ́ ta ló kọ èyí?”

“Mama, iṣẹ́ èṣù ni!”

“Èṣù kì í kọ̀wé sí àlùfáà. Yákófò, ṣé òótọ́ ni?”

Yákófò bú sẹ́kún, ó sì ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú ìjọ, Náksò, ọtí, òtẹ́ẹ̀lì, gbogbo rẹ̀. “Ọ̀dàlẹ̀!” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pariwo mọ́ ọn. Àbí ẹ ò rí ẹni tó ń pe ẹlòmíràn ní ọ̀dàlẹ̀!

Màmá kò wo wọ́n mọ́. Ó rìn lọ bá Marúsò níbi tó jókòó sí lẹ́yìn. “Ìyàwó, orí itan rẹ ni ọkọ mi fi wálé. Àwọn tí mo bí ló jù ú nù. Ìwọ lo ni ilé, mo sọ ọ́ níwájú ọkọ mi àti níwájú Ọlọ́run. Mo fa apá mi yọ lọ́wọ́ rẹ ní èbúté. Jọ̀ọ́, dì í mú padà.”

Marúsò dì í mú. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò tilẹ̀ nù ún.

Nígbà tí wọ́n ti gbé baba sínú ilé eegun, wọ́n pín àlìkámà sísè. Págónà rò pé ojú ti kúrò lára òun, ó gbé abọ́, ó ń nà án sí àwọn èèyàn. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ gbà á. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí i rí kí wọ́n kọ àlìkámà òkú lọ́wọ́ ọmọ òkú. Ó gbé e kalẹ̀ sórí ògiri, ó lọ kó àpò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ló wọ́ wọn sọ̀kalẹ̀ òkè wá sí èbúté.

Mo ń ran Marúsò lọ́wọ́ láti bu omi lọ́wọ́ọ́rọ́ sínú àwo fún ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí Yákófò wá dúró sí ẹnu ọ̀nà.

“Marúsò, mo jẹ̀bi. Níbo ni kí n gbé àpò mi sí?”

“Ọkọ̀ ń padà lọ ní aago mẹ́rin, Yákófò.”

“Ọdún mẹ́tàdínlógún la ti jọ wà! Nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?”

“Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni mo bi ẹ́.”

Yákófò dúró kí ìyàwó rẹ̀ bú òun, kí òun lè rí ibi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Marúsò kò bú u. Ó nu ẹsẹ̀ kan, ó nu èkejì, ó wọlé lọ bá Màmá, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, Yákófò ti wà lórí àga níwájú òkun, àpò rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n fún òun ní kọfí kan kí ọkọ̀ tó dé. Ìkòkò ń hó lẹ́yìn mi, òórùn rẹ̀ gba gbogbo èbúté.

Mo sọ fún un pé kọfí ti tán.