Ògiri Amọ̀ ní Dadin Kowa

Amọ̀ pupa mu Ọládiípọ̀ dé orúnkún lọ́jọ́ tí Ọláṣùmbọ̀ kọ́kọ́ rí i. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ ní Dadin Kowa, ní ìlú Jos, ó sì ń súfèé.

Ọláṣùmbọ̀, tíṣà ọmọ Èkìtì, rò pé Hausa ni. Ó fi èdè Hausa kí i kú iṣẹ́ pé, “Sannu da aiki.”

“Ẹ ṣé o, tíṣà,” ọkùnrin náà fi Yorùbá dá a lóhùn. “Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ wá bá mi tẹ̀ ẹ́.”

Ẹ̀rín pa á. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba ibẹ̀ lọ sílé ìwé, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Diípọ̀ ṣàlàyé fún un pé ilé ara òun ni òun ń kọ́. Oòrùn ni òun fi ń gbẹ bíríkì, òun kì í gé igi láti fi sun ún; òkúta ìpìlẹ̀, inú òkìtì tí àwọn awakùsà pa tì ni òun ti ṣà á. Ilé náà á tutù lọ́sàn-án, á sì móoru nígbà ọyẹ́. Kí òrùlé tó dé orí ilé, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ni bàbá Ọláṣùmbọ̀ ń tà ní Àpáta, ní Jos níbẹ̀. Ó ní òun ò ní fa ọmọ òun fún ẹni tó ń gbé inú amọ̀, àfi tó bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé náà tinú tòde. Diípọ̀ mọ̀ pé sìmẹ́ǹtì kò dáa fún ògiri amọ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ pàdánù ọmọbìnrin yìí, ó bá rẹ́ ẹ.

Òjò dé. Omi gba ojú ibi tí sìmẹ́ǹtì ti sán wọ inú ògiri, kò rọ́nà jáde, sìmẹ́ǹtì sì ń ṣí bọ́ bí èèpo iṣu sísè. Bàbá wá wò ó, ó ní kò sí ìgbéyàwó mọ́.

Ọláṣùmbọ̀ fà á lọ́wọ́ dé ìdí ògiri. “Bàbá, ẹ fọwọ́ kàn án. Èwo ló wó níbẹ̀?”

Bàbá fọwọ́ kàn án, ó tì í. Ó tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ló wà nílẹ̀.

“Haba,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Kí wá ni ká fi rẹ́ ẹ?”

“Amọ̀ náà ni, sà,” Diípọ̀ fèsì. “Á jẹ́ kí ògiri lè mí, kí omi lè rọ́nà jáde.”

Bàbá gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó lọ, Ọláṣùmbọ̀ kojú sí olólùfẹ́ rẹ̀. “Má ṣe ohun tí o mọ̀ pé kò dáa nítorí tèmi mọ́.”

“Mo gbọ́, ìfẹ́ mi.”

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó, Ọláṣùmbọ̀ bọ́ bàtà, ó wọ inú amọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi tún ògiri náà rẹ́. Bàbá jókòó lórí òkúta, ó ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, ó ní amọ̀ náà ò tíì kúnná tó, ó sì ká ṣòkòtò tirẹ̀ náà.